Alfred Nobel àti Òróró tí Ń Fọ́ Àpáta

Òjò kan náà ni ó rọ̀ tí ó mú ewúro korò, tí ó sì mú ìrèké dùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ òróró kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nitroglycerin ṣe rí. Bí ó bá bú gbàù, yóò fọ́ àpáta, yóò wó ilé, yóò sì pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí oníṣègùn bá fi èyí tí ó kéré jọjọ nínú rẹ̀ sí abẹ́ ahọ́n aláìsàn, yóò dẹ iṣan tí ó le, yóò sì mú ìrora àyà rọlẹ̀. Òróró yìí ni Alfred Nobel fi di ọlọ́rọ̀. Òróró náà ni ó pa àbúrò rẹ̀, òun náà sì ni àwọn oníṣègùn ní kí ó máa lò nígbà tí àìsàn dé sí i.

Ìlú Stockholm, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Swídìn, ni a ti bí Alfred ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1833. Immanuel ni orúkọ bàbá rẹ̀, Andriette sì ni ìyá rẹ̀. Immanuel jẹ́ ẹni tí orí rẹ̀ kún fún oríṣiríṣi èrò. A máa kọ́ ilé, a sì máa dá ẹ̀rọ tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún tí a bí Alfred gan-an ni òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, tí gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó fi aya àti àwọn ọmọ sílẹ̀ ní Stockholm, ó sì lọ wá oríire ní òkèèrè. Andriette kò káwọ́ gbera. Ó ṣí ìsọ̀ kan tí ó ti ń ta oúnjẹ, èrè ibẹ̀ ni ó sì fi ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Alfred kò ní ìlera. Ìyá rẹ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru, ìfẹ́ tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì kò sì tutù títí ọjọ́ tí ìyá náà fi kú.

Ní ọdún 1842, Andriette kó àwọn ọmọ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní St Petersburg, tí ó jẹ́ olú-ìlú Rọ́ṣíà ní ìgbà náà. Nǹkan ti ń ṣẹnuure fún Immanuel níbẹ̀, nítorí ó ń ṣe àdó olóró tí a ń rì sínú òkun fún àwọn ológun ọba ilẹ̀ náà. Ó gba àwọn olùkọ́ sílé fún àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí Alfred fi máa pé ọmọ ọdún 17, ó ti gbọ́ èdè márùn-ún: èdè Swídìn, ti Rọ́ṣíà, ti Faransé, ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì. Ó fẹ́ràn ewì kíkà àti ewì kíkọ púpọ̀. Èyí kò dùn mọ́ bàbá rẹ̀, ẹni tí ó ń fẹ́ kí ó di onímọ̀ ẹ̀rọ. Nítorí náà ó rán an lọ sí òkè òkun láti lọ kọ́ ìmọ̀ kẹ́mísìrì.

Ní Paris, Alfred ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Pelouze. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí ṣáájú rẹ̀ ni Ascanio Sobrero, ọmọ ilẹ̀ Ítálì. Ní ọdún 1847, Sobrero mú glycerin, èyí tí í ṣe òróró aládùn tí a ń rí níbi ọṣẹ ṣíṣe, ó pò ó pọ̀ mọ́ ásíìdì líle oríṣi méjì, ó sì rí òróró tuntun kan. Ó fi ìwọ̀nba kíún kan ahọ́n rẹ̀ láti mọ bí ó ti rí lẹ́nu. Láìpẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ kíkankíkan. Ó sì tún rí i pé òróró náà kò gba gbígbọ̀n: bí a bá mì í tàbí bí nǹkan wúwo bá já lù ú, ó lè bú gbàù. Ẹ̀rù ba Sobrero, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn nípa rẹ̀.

Nǹkan méjì, nígbà náà, ni Sobrero rí nípa nitroglycerin: agbára ìbúgbàù, àti orí fífọ́. Ti àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn gbà mú. Ti èkejì dà bí ohun tí kò já mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni inú orí fífọ́ yìí gan-an ni oògùn farapamọ́ sí.

Nígbà tí ogun Krímíà parí ní ọdún 1856, ìjọba Rọ́ṣíà kò ra àdó olóró mọ́, òwò Immanuel sì tún wó lulẹ̀. Ìdílé náà padà sí Swídìn díẹ̀díẹ̀. Alfred padà sí Stockholm ní ọdún 1863, òun pẹ̀lú bàbá rẹ̀ sì dojú kọ ọ̀rọ̀ nitroglycerin. Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò mọ bí a ti lè mú kí òróró náà bú ní àkókò tí a fẹ́, kí ó sì dákẹ́ ní àkókò tí a kò fẹ́. Ní ọdún 1863 náà ni Alfred rí ìdajì ojútùú rẹ̀. Ó ṣe ohun ìtanná kékeré kan tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀tù kékeré yìí bá kọ́kọ́ bú, ìgbọ̀nrìrì rẹ̀ ni yóò jí òróró náà. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì, èyí tí í ṣe bí òróró náà yóò ti dákẹ́, kò tíì rí i nígbà tí àjálù dé.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1864, ilé iṣẹ́ wọn ní Heleneborg ní Stockholm bú gbàù. Ènìyàn márùn-ún ni ó kú. Emil, àbíkẹ́yìn ilé náà, tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, wà lára wọn. Ìbànújẹ́ dorí ìdílé náà kodò. Láìpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Immanuel, kò sì gbádùn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 1872, ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án, tí ó pé ọdún mẹ́jọ géérégé tí Emil lọ.

Ẹlòmíràn ìbá fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Alfred kò fi í sílẹ̀. Àwọn aláṣẹ fi òfin dè é pé wọn kò gbọdọ̀ ṣe nitroglycerin láàrin ìlú mọ́; ó gba orí ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan lọ lórí adágún Mälaren, níbẹ̀ ni ó sì ti ń bá iṣẹ́ lọ. Láìpẹ́ ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Swídìn àti ní Krümmel, nítòsí Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Òróró náà ń tà, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn pẹ̀lú. Ní oṣù kẹrin ọdún 1866, ó bú gbàù nínú ọkọ̀ ojú omi kan ní èbúté ilẹ̀ Panama, ó sì tún bú ní San Francisco ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà láàrin oṣù kan náà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó ṣòfò. Àwọn ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fòfin dè é káàkiri.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ẹ̀sọ̀ ni Nobel wá kiri fún òróró yìí. Ní agbègbè Krümmel, erùpẹ̀ fúyẹ́ kan wà tí ó kún fún ihò wíńníwíńní tí ojú lásán kò lè rí. Ó rí i pé erùpẹ̀ náà ń fa nitroglycerin mu bí gàrí ti ń fa omi. Bí a bá fi ìdá mẹ́ta òróró sí ìdá kan erùpẹ̀, a ó rí ohun kan tí a lè mọ bí amọ̀, tí a lè dì sínú bébà, tí a sì lè gbé rìnrìn-àjò láìsí ewu bí ti àtẹ̀yìnwá. Kò ní bú títí a ó fi fi ohun ìtanná sí i. Ní ọdún 1867 ni ó gba ìwé àṣẹ fún un, ó sì sọ ọ́ ní dáínámáìtì, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí agbára.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ènìyàn ti lè ba àpáta jà. Dáínámáìtì ni a fi la ihò ojú irin Gotthard já lábẹ́ àwọn òkè ilẹ̀ Switzerland láàrin ọdún 1872 sí 1882, ihò tí ó gùn tó kìlómítà 15. A fi wa kùsà, a fi gbẹ́ odò, a sì fi la ọ̀nà. Ṣùgbọ́n a fi jagun pẹ̀lú, nítorí ogun tí ilẹ̀ Faransé bá àwọn ará Jámánì jà ní ọdún 1870 kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn tí dáínámáìtì dé. Nobel di olówó ńlá. Kí ó tó kú, ó ti ní ilé iṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí ó lé ní ogún, ó sì ti gba ìwé àṣẹ 355 fún àwọn ohun tí ó dá sílẹ̀.

Nínú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí ni orí fífọ́ tí Sobrero mọ̀ ti tún yọjú. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, tí òróró náà gba ara àti imú wọlé sí wọn lára, orí a máa fọ́ wọn. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń lọ, ara wọn a máa mọ́ ọn lára, orí fífọ́ náà a sì dáwọ́ dúró. Ní ọjọ́ Ajé kejì, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Nobel fúnra rẹ̀ mọ orí fífọ́ náà dáadáa. Ohun tí ó fà á ni pé òróró náà ń dẹ iṣan tí ó yí àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ inú orí ká, àwọn òpó náà a fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì rọ́ wọ inú wọn.

Oníṣègùn kan ní London, William Murrell, ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa. Bí òróró yìí bá lè mú òpó ẹ̀jẹ̀ fẹ̀ nínú orí, ó lè mú un fẹ̀ níbi ọkàn pẹ̀lú. Àwọn kan sì wà tí àyà máa ń ro gidigidi nítorí pé òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn wọn ti fún. Murrell kọ́kọ́ dán an wò lára ara rẹ̀, ó bu omi là á tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè bú mọ́, lẹ́yìn náà ni ó fún àwọn aláìsàn. Ní ọdún 1879, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn pé ó ṣiṣẹ́. Àwọn apoògùn sọ ọ́ ní Trinitrin, kí orúkọ rẹ̀ má baà dẹ́rù ba ènìyàn.

Nobel kò gbéyàwó, kò sì bímọ. Ó ń gbé ní Paris láti ọdún 1873, ó ń lọ ó ń bọ̀ láàrin àwọn ilé iṣẹ́ rẹ̀, ilé rẹ̀ sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ọdún 1876, obìnrin kan tí a wá mọ̀ sí Bertha von Suttner wá ṣe akọ̀wé rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Obìnrin náà lọ, ṣùgbọ́n ìwé kíkọ kò tán láàrin wọn. Nígbà tí ó yá, Bertha di ọ̀kan nínú àwọn tí ń pariwo jù lọ pé kí ogun tán láyé. Nobel ń fi owó ràn án lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò jọra. Èrò tirẹ̀ ni pé bí ohun ìjà bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí ogun méjì lè pa ara wọn run ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn orílẹ̀-èdè yóò sá fún ogun. Ní ọdún 1887, ó dá ẹ̀tù ìbọn kan sílẹ̀ tí kì í rú èéfín púpọ̀, ó sì tà á fún ìjọba Ítálì. Inú bí àwọn ará Faransé, ó sì kó lọ sí San Remo ní ilẹ̀ Ítálì ní ọdún 1891. Ogun àgbáyé méjèèjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1914 àti ọdún 1939 fi hàn pé èrò rẹ̀ nípa ohun ìjà kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Nobel fọwọ́ sí ìwé ìhágún rẹ̀ ní Paris. Ohun ìní rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 31 owó ilẹ̀ Swídìn. Ó pàṣẹ pé kí a fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ pamọ́, kí a sì máa pín èrè orí rẹ̀ lọ́dọọdún fún àwọn tí wọ́n bá ṣe ọmọ aráyé ní oore jù lọ nínú ìmọ̀ físíìsì, nínú kẹ́mísìrì, nínú ìmọ̀ ìṣiṣẹ́ ara tàbí ìṣègùn, nínú lítíréṣọ̀ àti nínú ìwá-àlàáfíà, láìbéèrè ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ti wá. Àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Nobel kò jẹ tirẹ̀ ní àjẹìwẹ̀yìn.

Ní àkókò yìí, ọkàn rẹ̀ ti ń dùn ún. Àwọn oníṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ oògùn fún un. Nitroglycerin ni! Ní oṣù kẹwàá ọdún 1896, ó kọ̀wé sí Ragnar Sohlman, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń bá a ṣiṣẹ́, pé ó dà bí ìgbà tí àyànmọ́ ń fi òun ṣe ẹ̀sín. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1896, òpó ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú ọpọlọ rẹ̀ ní San Remo, ó sì kú ní ẹni ọdún 63. A gbé òkú rẹ̀ lọ sin ní Stockholm.

Nígbà tí a ka ìwé ìhágún náà, àwọn mìíràn nínú àwọn ẹbí bínú, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀. Sohlman, ẹni tí òkú fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, kò sinmi títí ọ̀rọ̀ náà fi yanjú. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 1901, tí ó pé ọdún márùn-ún tí Nobel kú, a pín ẹ̀bùn náà fún ìgbà àkọ́kọ́. Bertha von Suttner gba ti àlàáfíà ní ọdún 1905. Ní ọdún 1986, ti lítíréṣọ̀ kan Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Abẹ́òkúta, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó gbà á.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣì wà nílẹ̀: ọ̀nà wo ni òróró tí ń fọ́ àpáta fi ń dẹ iṣan? Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Murrell kí ìdáhùn tó dé. Ní ọdún 1977, Ferid Murad ní Amẹ́ríkà rí i pé afẹ́fẹ́ kan tí a ń pè ní nitric oxide ni òróró náà ń tú jáde nínú ara. Afẹ́fẹ́ yìí wà nínú èéfín ọkọ̀, ìdọ̀tí ni gbogbo ènìyàn kà á sí. Ní ọdún 1980, Robert Furchgott fi hàn pé awọ inú òpó ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ń rán ohun kan sí iṣan tí ó yí i ká, pé kí iṣan náà dẹ̀. Ní ọdún 1986, òun àti Louis Ignarro, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, sọ pé nitric oxide náà ni ohun tí awọ ń rán. Afẹ́fẹ́ yìí a wọ inú iṣan, a jí òjíṣẹ́ mìíràn níbẹ̀, òjíṣẹ́ náà a sì mú kí èròjà calcium tí ń mú iṣan le dínkù. Bí calcium bá ti dínkù, iṣan a dẹ̀. Láàrin ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ti pòórá.

Kì í ṣe òpó ẹ̀jẹ̀ nìkan ni ó ní irú iṣan yìí, èyí tí ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ láìdúró de àṣẹ wa. Ìfun ní in pẹ̀lú. Bí ènìyàn bá gbé òkèlè iyán mì, iṣan tí ó wà lẹ́yìn òkèlè náà a fún pọ̀, a sì tì í síwájú. Ṣùgbọ́n títì nìkan kò tó, nítorí bí iwájú kò bá dẹ̀, ibo ni òkèlè yóò gbà? Ní ọdún 1990, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Belgium fi ìfun ajá ṣe ìwádìí, wọ́n sì rí i pé nitric oxide ni àwọn okùn ìmọ̀lára inú ìfun ń tú jáde láti dẹ iṣan náà. Òun ni ó ń ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún oúnjẹ. Àwọn ènìyàn kan wà tí okùn ìmọ̀lára bẹ́ẹ̀ ti kú ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà ọ̀fun wọn. Ẹnu ọ̀nà tí ó wọ inú ikùn kì í ṣí fún wọn dáadáa. Oúnjẹ a há, wọn a sì máa rù. Nínú àwọn oògùn tí a máa ń fún àwọn mìíràn nínú wọn láti dẹ ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n jẹ́ ìyekan nitroglycerin.

Ní ọdún 1998, a fún Furchgott, Ignarro àti Murad ní ẹ̀bùn Nobel ti ìṣègùn. Owó tí òróró náà mú wá ni a fi yẹ́ àwọn tí ó tú àṣírí rẹ̀ sí. Emil ti kú láti ọdún 1864, kò sì sí ẹ̀bùn tí ó lè jí i dìde. Àwọn tí dáínámáìtì pa lójú ogun kò lè padà wá pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òróró tí Nobel fi fọ́ àpáta ní iṣẹ́ pẹ̀lẹ́ kan tí ó ń ṣe nínú ara, afẹ́fẹ́ tí ó sì ń tú jáde kan náà ni ó wà nínú olówó àti òtòṣì, tí ń la ọ̀nà fún ẹ̀jẹ̀ àti fún oúnjẹ láìpariwo. Bí a bá kú ni à ń dère. Ohun tí Nobel fi ọrọ̀ rẹ̀ ṣe ní ìkẹyìn ni ó mú kí a máa fi ayọ̀ pe orúkọ rẹ̀ lónìí.